Òrùlé Tó Ń Jò: Wíwá Ojú Ihò àti Dídí I

Omi tó ń kán láti àjà kì í sábà wọlé ní ọ̀gangan ibi tó ti ń kán. Lábẹ́ páànù, omi máa ń tọ igi, ó máa ń tọ wáyà iná, ó sì lè rìn mítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́yìn sílíìnì kó tó rí àlàfo tí yóò gbà bọ́ sínú yàrá. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ onílé ní Surulere, Yaba àti Mushin ní Èkó fi ń ra ọ̀dà dúdú àti sílíkóònù lọ́dọọdún, tí káfíńtà ń gun òkè lọ́dọọdún, tí òrùlé kan náà sì tún ń jò. Owó tí a bá ná kí a tó mọ ibi tí omi ti wọlé, owó àsọnù ni. Wíwá ojú ihò ló gba ọgbọ́n jù nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni dídí i kì í ju iṣẹ́ ọ̀sán kan lọ.

Irú òrùlé tó wà nílẹ̀

Àdúgbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dàgbà bákan náà, òrùlé wọn kò sì rí bákan náà. Yaba wà lára ibi tí ìjọba amúnisìn là sílẹ̀ lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku tó bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1924. Ọdún 1928 ni wọ́n dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ yìí kan náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ìdílé láti Erékùṣù Èkó lọ sí Surulere láti ọdún 1955 síwájú, nígbà tí wọ́n ń wó àwọn ilé àárín ìlú. Ní Mushin, àwọn onílẹ̀ àti àwọn tó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn ló kọ́ èyí tó pọ̀ jù, ilé fara ti ilé, yàrá kọjú sí yàrá.

Lórí àwọn ilé àtijọ́ àdúgbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, páànù onírin tí a fi síńkì bò ló wọ́pọ̀. Irú páànù yìí máa ń dípẹtà, ìpẹtà ni yóò sì sọ ibi tó ti ń jò. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1960 sí 1985 ló ní asbẹ́stọ́ọ̀sì lórí, àwọn mìíràn sì tún ní in nínú sílíìnì. Ilé tuntun ń lo longspan alumíníọ̀mù tàbí páànù tí a fi òkúta wẹ́wẹ́ bò lójú. Irú kẹrin ni ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí òkè rẹ̀ jẹ́ dẹ́kìn kọ́ńkéré, tí táǹkì omi àti okùn aṣọ wà lórí rẹ̀. Àìsàn òrùlé kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, oògùn wọn náà yàtọ̀. Ohun tó bá dẹ́kìn mu lè má bá longspan mu.

Ohun tí àkókò jíjò ń sọ

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé àkàbà, ó yẹ kí ará ilé ti kíyè sí ìgbà tí omi ń kán. Àkíyèsí yìí kò náni ní kọ́bọ̀, ó sì ń dín ibi tí a óò wá kù ju ohunkóhun mìíràn lọ.

Bí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í kán bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an, ihò náà kò jìnnà, ó sì sábà máa ń jẹ́ ojú ìṣó tàbí páànù tó ti lu. Bí ó bá jẹ́ pé òjò oníjì nìkan ló ń mú un jò, tí òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kì í fa nǹkan kan, afẹ́fẹ́ ló ń ti omi gba ẹ̀gbẹ́ wọlé: ó lè jẹ́ ojú ibi tí òrùlé ti fara kan ògiri, tàbí abẹ́ káápìn tó bo góńgó òrùlé, tàbí ojú fèrèsé òkè. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí òjò bá le tó sì pẹ́ nìkan ni, gọ́tà òrùlé ló kún tó sì ń da omi sẹ́yìn. Èyí tó máa ń tan èèyàn jù ni omi tó ń kán lẹ́yìn tí òjò ti dá, bóyá ní alẹ́ tàbí ní ọjọ́ kejì. Dẹ́kìn ni kí a kọ́kọ́ fura sí, nítorí kọ́ńkéré a máa mu omi kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bí omi bá sì ń kán nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, òrùlé lè má mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ó yẹ kí a wò ó bóyá ìgbà tí wọ́n bá ń pọ́mpù omi ni, tí táǹkì òkè ń kún àkúnwọ́sílẹ̀, tàbí bóyá ilé ìwẹ̀ ayálégbé òkè ló ní páìpù tó ti là. Wọ́n ti tú òrùlé tó dára palẹ̀ rí nítorí bọ́ọ̀lù inú táǹkì tí kò dá omi dúró mọ́.

Àbẹ̀wò láti inú àjà

Ọ̀sán gangan ni kí a wọ inú àjà, kí a ti pa iná mànàmáná láti ojú ìpa rẹ̀, nítorí wáyà ilé àtijọ́ sábà máa ń bó lára, omi sì lè ti kan án. Orí igi ni à ń tẹ̀, kì í ṣe orí sílíìnì; sílíìnì kò lè gbé èèyàn. Ẹni tó bá wọlé yóò jókòó sínú òkùnkùn fún ìṣẹ́jú mélòó kan títí ojú rẹ̀ yóò fi mọ́ ọn lára, kó tó tan tọ́ọ̀ṣì. Ojú ihò tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ yóò tàn bí ìràwọ̀ lójú páànù. Kí a fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí igi tó sún mọ́ ọn, kí a sì wọn bó ṣe jìnnà sí ògiri méjì, kí ẹni tó wà lókè lè rí i.

Lẹ́yìn náà ni kí a tan tọ́ọ̀ṣì sí ara igi. Ipa omi máa ń hàn: igi á dúdú, ojú rẹ̀ á ṣe ìlà, eruku ibẹ̀ á ti di ẹrẹ̀ gbígbẹ. Kí a máa tọ ìlà náà gòkè lọ, kì í ṣe sísàlẹ̀, títí yóò fi pin. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ lókè ni ẹnu ọ̀nà omi. Kí a fi ìṣó gún igi tó ti dúdú; bí ìṣó bá wọlé láìsí agídí, igi ti jẹrà tàbí ikán ti wà níbẹ̀, kò sì sí ìṣó páànù tí yóò dúró lára rẹ̀ mọ́. A gbọ́dọ̀ pààrọ̀ igi náà kí a tó fọwọ́ kan páànù.

Sílíìnì oníke, tó gbilẹ̀ báyìí ní Mainland, máa ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Omi kì í gbà á kọjá, kì í sì í ṣe àmì lára rẹ̀ bíi ti pákó pẹlẹbẹ tí í yọ òbìrípo aláwọ̀ ilẹ̀. Omi á máa ṣàn lẹ́yìn rẹ̀ títí dé eteetí yàrá, á wá gba ara ògiri sọ̀kalẹ̀, onílé á sì rò pé ògiri ló ń mu omi láti ìpìlẹ̀. Sílíìnì POP ní tirẹ̀ máa ń mumi títí yóò fi wúwo, ó sì lè já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí òjò bá ń rọ̀ tí sílíìnì bá wú sísàlẹ̀, kí a pa iná yàrá náà, kí a gbé báàkẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀, kí a sì fi ìṣó lu ojú ibi tó wú jù kí omi lè bọ́ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Fífi omi dán an wò

Bí àbẹ̀wò kò bá fi ojú ihò hàn, a óò fi omi wá a. Ẹnì kan á wà lórí àkàbà pẹ̀lú họ́ọ̀sì, ẹnì kan á wà nínú àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ìsàlẹ̀ òrùlé, níbi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ibì kan á gba omi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí a tó sún sókè. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti góńgó ti ba iṣẹ́ jẹ́, nítorí omi yóò ṣàn kọjá gbogbo ojú ìṣó àti gbogbo ìpàdé páànù, kò sì ní mọ èwo nínú wọn ló gbà á sílé. Níbi tí omi táǹkì kò bá ti ní agbára, garawa tí a ń dà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó.

Gígun òkè fúnra rẹ̀ léwu ju bí àwọn èèyàn ṣe ń rò lọ. A kì í gun páànù tó tutù. A kì í tẹ páànù asbẹ́stọ́ọ̀sì láìtẹ́ pákó gígùn tó dá lórí igi méjì tàbí mẹ́ta, nítorí páànù tó ti gbó máa ń fọ́ láìsọ tẹ́lẹ̀. Ní àwọn òpópónà tóóró Mushin, wáyà iná ìta máa ń kọjá nítòsí òrùlé débi pé páànù gígùn tí a gbé dìde lè kàn án. Kí a wo òkè kí a tó gbé àkàbà onírin.

Ojú ìṣó

Lórí longspan àti páànù onírin, ojú ìṣó ni à ń kọ́kọ́ wò. Ìṣó páànù ní ìdé pẹlẹbẹ lórí àti rọ́bà lábẹ́ rẹ̀. Rọ́bà yìí ló ń dí omi, kì í ṣe ìṣó. Oòrùn Èkó máa ń gbẹ rọ́bà títí yóò fi là, lẹ́yìn náà ìṣó á bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Kí a wo páànù alumíníọ̀mù dáadáa: bí ìlà pupa bá ti ṣàn wálẹ̀ láti orí ìṣó, omi ti ń wọlé níbẹ̀ tàbí ó kù díẹ̀ kó wọlé.

Ohun kejì ni pé páànù kì í dúró sójú kan. Alumíníọ̀mù a máa gùn sí i bí ooru bá mú un: páànù tó gùn ní mítà 10 yóò fi bíi mìlímítà 9 sí 10 gùn sí i bí ooru ara rẹ̀ bá fi ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 40 ga sí i, á sì súnkì padà bí òjò bá dé lójijì. Lójoojúmọ́ ni ó ń fa ìṣó síwájú, tó ń fà á sẹ́yìn. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ihò tó yí ìṣó ká á ti di gígùn, ìṣó á sì ti yọ sókè díẹ̀. Káfíńtà tó bá kàn fi òòlù gbá a wọlé padà kò tíì ṣe nǹkan kan. Ìṣó yóò tún yọ, gbígbá rẹ̀ sì lè tẹ páànù wọnú débi tí omi yóò ti máa dúró yí i ká.

Àtúnṣe tó tọ́ ni pé kí a fa ìṣó náà jáde, kí a sì fi ìdè oníyìípo tó nípọn jù ú lọ, tó ní rọ́bà tuntun, rọ́pò rẹ̀. Kí a yí i títí rọ́bà yóò fi fẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ irin. Bí ó bá fẹ̀ jáde púpọ̀, a ti yí i jù. Bí ihò bá ti gbòòrò kọjá ohun tí rọ́bà lè bò, kí a fi páànù kékeré bò ó, kí a sì gbé ìdè lọ sí ibòmíràn lára igi kan náà. Lórí páànù oníkólokòlo, orí ibi tó ga ni ìdè ń wà, kì í ṣe inú kòtò níbi tí omi ń ṣàn gbà.

Ìpàdé páànù àti ihò

Ibi tí páànù kan ti gorí èkejì gbọ́dọ̀ ní àpapọ̀ tó tó. Lórí òrùlé tí kò dà púpọ̀, àpapọ̀ òkè-àti-ìsàlẹ̀ tí kò tó mìlímítà 150 máa ń jẹ́ kí ìjì ti omi wọlé. Sílíkóònù tí a fà sójú òde àpapọ̀ kì í pẹ́. Oòrùn á bó o. Kí a tú ìdè, kí a gbé páànù òkè díẹ̀, kí a nu eruku, kí a fi sílíkóònù sí àárín páànù méjèèjì, kí a tó dè é padà.

Fún ihò lójú páànù onírin, búrọ́ọ̀ṣì onírin ni a óò fi ha ìpẹtà kúrò títí irin dídán yóò fi yọ. A óò gé páànù tó fi bíi sẹ̀ntímítà 10 ju ihò lọ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, a óò fi ọ̀dà tàbí gọ́ọ̀mù sí abẹ́ rẹ̀, a óò sì dè é. Irin fún irin, alumíníọ̀mù fún alumíníọ̀mù ni. Bí a bá pa oríṣi méjì pọ̀ nínú omi, ọ̀kan yóò jẹ èkejì. Sìmẹ́ǹtì tútù náà máa ń jẹ alumíníọ̀mù, nítorí náà bíríkìlà tó fi sìmẹ́ǹtì dí ojú ibi tí longspan ti kan ògiri ti gbin ihò ọjọ́ iwájú sílẹ̀. Níbẹ̀, kí a gé ojú ihò tóóró tó jìn ní bíi mìlímítà 25 sára ògiri, kí a ki etí páànù pẹlẹbẹ kan wọ inú rẹ̀, kí páànù náà bo orí òrùlé, kí a sì fi sílíkóònù dí ojú ihò ògiri.

Awo tẹlifíṣàn àti páńẹ́lì oòrùn pẹ̀lú yẹ ní wíwò. Àwọn tó ń gbé wọn sókè kì í ṣe káfíńtà òrùlé. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń lu páànù níbi tó bá wù wọ́n láìfi rọ́bà sí i. Bí jíjò bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù tí wọ́n gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sókè, ibẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò.

Gọ́tà ẹ̀yìn párápẹ́ẹ̀tì

Àṣà kíkọ́lé tó gbòde ní Èkó báyìí ni láti fi ògiri párápẹ́ẹ̀tì yí òrùlé ká kí páànù má baà hàn láti ìta. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń ba àjà ilé tuntun jẹ́ bíi tirẹ̀. Omi tí ì bá bọ́ sílẹ̀ láti ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ti di ohun tí a gbọ́dọ̀ kó jọ sínú gọ́tà kọ́ńkéré, kí a sì gba inú páìpù kan ṣoṣo lé e jáde.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Mìlímítà òjò kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ lítà omi kan. Òrùlé tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 100, bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ sórí rẹ̀ láàárín wákàtí kan, ti gba lítà 5,000, ìyẹn táǹkì onílítà 1,000 márùn-ún. Oṣù Kẹfà ni òjò Èkó sábà máa ń pọ̀ jù, irú òjò bẹ́ẹ̀ kò sì ṣàjèjì nígbà náà. Ewé igi kan àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà méjì lójú páìpù náà tó láti sọ gọ́tà di odò. Bí omi bá ti ga ju etí páànù lọ, yóò gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, kò sì sí sílíkóònù tó lè dá a dúró.

Àtúnṣe rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú gbígbá gọ́tà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan nínú oṣù Kẹta kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́ẹ̀kan nínú ìsinmi òjò oṣù Kẹjọ. Lẹ́yìn náà, kí gọ́tà kọ̀ọ̀kan ní ojú ìjáde méjì ó kéré tán, kí wọ́n ní àwọ̀n lójú. Ohun tí àwọn bíríkìlà máa ń gbàgbé, tó sì ṣe pàtàkì jù, ni ihò àkúnwọ́sílẹ̀: ihò tí a lu sára párápẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, tó rẹlẹ̀ ju etí páànù lọ, kí omi lè tú síta bí páìpù bá dí. Bí onílé bá rí omi tó ń tú láti ibẹ̀, ó ti mọ̀ pé páìpù nílò gbígbá. Inú gọ́tà náà, àti fálè tí apá òrùlé méjì ti pàdé, yẹ kó dà sí ojú ìjáde, kó má sì ní ibi tí omi ti ń dúró lọ́jọ́ kejì òjò.

Dẹ́kìn

Kọ́ńkéré lásán kì í dí omi. Bí dẹ́kìn bá ń jò, kí a gbá a mọ́, kí a da omi sí i, kí a wo ibi tí omi ti dúró. Bí ó bá ń dúró, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi sìmẹ́ǹtì àti yanrìn ṣe ìdagẹ̀rẹ̀ sí ojú ìjáde. Ibi tó ti là ni a óò gbẹ́ gbòòrò díẹ̀, kí a dí i, kí ó gbẹ pátápátá. Lẹ́yìn èyí ni fẹ́ẹ̀tì oníọ̀dà tí wọ́n ń fi iná gáàsì lẹ̀ mọ́lẹ̀ yóò tó kàn. Ìsàlẹ̀, níbi ojú ìjáde, ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ. Àpapọ̀ ẹ̀gbẹ́ kò gbọdọ̀ dín ní mìlímítà 100, ti ìdí kò gbọdọ̀ dín ní 150, ó sì gbọ́dọ̀ gun ara ògiri lọ sókè ní bíi mìlímítà 150. Ẹsẹ̀ táǹkì ni ibi tí oníṣẹ́ máa ń fò. Kí a gbé táǹkì kúrò kí a tó tẹ́ fẹ́ẹ̀tì, kí a má gé e yí i ká. Bí a bá tẹ́ ẹ tán, kí a dí ojú ìjáde fún ọjọ́ kan, kí a da omi sí orí rẹ̀, kí ẹnì kan máa wo àjà nísàlẹ̀.

Asbẹ́stọ́ọ̀sì

Èyí kò sí lára iṣẹ́ tí onílé lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé gbogbo oríṣi asbẹ́stọ́ọ̀sì ló lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Eruku rẹ̀ tí a fà símú ló ń ṣe é, àìsàn náà sì lè gba ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó hàn. Ewu páànù tó wà ní odindi kò pọ̀. A kò gbọdọ̀ fi ayùn gé e, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, tàbí kí a lu ihò sí i ní gbígbẹ. Bí ó bá ti ń jò níbi púpọ̀, kí a pààrọ̀ rẹ̀ pátápátá: kí wọ́n fi omi rin ín, kí wọ́n tú u ní odindi láìfọ́ ọ, kí àwọn òṣìṣẹ́ lo ìbomú tó ń sẹ́ eruku, kí wọ́n sì fi ọ̀rá nínípọn dì í. Dída àfọ́kù rẹ̀ sójú pópó fún àwọn ọmọdé láti fi ṣeré, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní àwọn àdúgbò kan, ìwà ìkà ni.

Bíbá oníṣẹ́ dúnàádúrà àti ojúṣe onílé

Oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ló dára jù fún àtúnṣe ńlá. Bí òjò bá ti dé, tapólì tí a nà kọjá góńgó òrùlé, tí a fi pákó tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìhà méjèèjì, lè gbà wá títí òjò yóò fi sinmi. Èyí tí kò bá kọjá góńgó, abẹ́ rẹ̀ ni omi yóò gbà.

Kí a ya owó iṣẹ́ ọwọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára owó ohun èlò, kí onílé fúnra rẹ̀ sì lọ ra ohun èlò, bóyá ní ọjà Odunade ní Orílé, kó lè mọ bí páànù ṣe nípọn tó. Longspan mìlímítà 0.55 le ju ti 0.45 lọ, ojú lásán kò sì lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Kí a dá apá kan owó iṣẹ́ dúró títí òjò ńlá àkọ́kọ́ yóò fi rọ̀, kí a sì sọ èyí fún káfíńtà kó tó gun òkè.

Ní ti ayálégbé, Òfin Ilé Yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011, tó kan àwọn àdúgbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, gbé àtúnṣe ìta ilé lé onílé lọ́wọ́, àfi bí ìwé àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Ayálégbé tí òrùlé ń jò lé lórí yẹ kó kọ ọ́ ní ìwé, kó fi déètì sí i, kó sì ya fọ́tò ojú àjà. Kò yẹ kó dá owó àtúnṣe san láìjẹ́ pé òun àti onílé ti jọ fọwọ́ sí i pé wọn yóò yọ ọ́ nínú owó ilé.

Lẹ́yìn àtúnṣe, kí a tún da omi sí ibi tí a ti tún ṣe, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bíi ti àkọ́kọ́. A kì í pààrọ̀ sílíìnì lọ́jọ́ náà. Kí igi àjà gbẹ ná, ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Kí òjò ńlá kan tàbí méjì kọjá lórí rẹ̀. Kí a tún wọ inú àjà lọ wo àmì ṣọ́ọ̀kì. Bí eruku tó wà lára igi níbẹ̀ bá ṣì gbẹ, a lè kan sílíìnì tuntun.